Ẹ MÁ ṢE RÒ PÉ Ó TI RÍ YÍN
Ọ̀rọ̀ Ìmọ̀ràn fún Àwọn Tí Ń Gun Alùpùpù àti Àwọn Awakọ̀ ní Ìlọrin

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó orí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ó kan ẹni tí ń gun alùpùpù láti fi wá oúnjẹ òòjọ́. Ó kan ẹni tí ń wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ọkọ̀ akẹ́rù. Ó sì kan ìyá tí ó pọn ọmọ, tí ó jókòó sí ẹ̀yìn alùpùpù lọ sí ọjà Ìpàtà.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ọ̀kadà ni a ń pe alùpùpù tí ń gbé èrò. Orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan, Okada Air, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, ni àwọn ènìyàn fi ṣe àwàdà títí ó fi di orúkọ alùpùpù, nítorí pé bí ọkọ̀ gbogbo bá dúró gbagidi, òun a máa sáré kọjá. Àwàdà náà dùn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfurufú ní ọ̀nà tirẹ̀ lójú ọ̀run. Alùpùpù kò ní. Òun àti ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ni wọ́n jọ ń pín títì kan náà.

Ẹ sì mọ irú ìlú tí Ìlọrin jẹ́. Ìkóríta ńlá ni. Trélà tí ó kó ẹrù láti Èkó lọ sí ilẹ̀ Hausa a gba Ògbómọ̀ṣọ́ wá síhìn-ín kí ó tó forí lé Jẹ́bà. Takisí, bọ́ọ̀sì, kẹ̀kẹ́ Màrúwà, àti àgbẹ̀ tí ó di àpò gààrí mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, gbogbo wọn ni wọ́n ń pàdé ara wọn lójú títì. Nínú gbogbo wọn, ẹni tí ó wà lórí alùpùpù ni kò ní irin kankan láti fi bo ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí jàǹbá ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni gbogbo ọkọ̀ ní Nàìjíríà ti ń gba apá ọ̀tún. Nítorí náà, awakọ̀ tí ó bá fẹ́ yà sí apá òsì gbọ́dọ̀ dábùú ọ̀nà ẹni tí ń bọ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ wá fi ojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ti Sángò bọ̀ lórí alùpùpù. Ó gba apá ọ̀tún rẹ̀, kò ṣẹ̀ sí òfin. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan kọjú sí i, ó fẹ́ yà sí òsì wọ ilé epo. Awakọ̀ náà wo iwájú; kò rí bọ́ọ̀sì, kò rí trélà, ó sì yà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti wí nínú ara rẹ̀ pé, “Ó ti rí mi, yóò dúró.” Kò dúró.

Nígbà tí àwọn ènìyàn bá sáré dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni awakọ̀ máa ń sọ: “Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, n kò rí i.” A ó ṣépè fún un, a ó ní irọ́ ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe irọ́. Ojú awakọ̀ ti mọ́ra láti máa wá ohun ńlá. Iwájú alùpùpù kò fẹ̀ tó ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ohun tí ó bá sì kéré, ojú a máa rò pé ó ṣì jìnnà, pé kò sì yára. Kódà, irin tí ó gbé gíláàsì iwájú ọkọ̀ dúró tó láti bo alùpùpù àti ẹni tí ó gùn ún mọ́lẹ̀ pátápátá.

Àwọn onímọ̀ ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Harry Hurt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Southern California yẹ jàǹbá alùpùpù 900 wò fínnífínní ní agbègbè Los Angeles, wọ́n sì ka àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá 3,600 mọ́ ọn. Ní ọdún 1981 ni wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde. Wọ́n rí i pé bí alùpùpù àti ọkọ̀ mìíràn bá kọlu ara wọn, nínú mẹ́ta, méjì ni ó jẹ́ pé awakọ̀ ọkọ̀ náà ni ó gba ọ̀nà mọ́ alùpùpù lọ́wọ́. Ìdí tí ó sì gbilẹ̀ jù ni pé kò rí i, tàbí pé nígbà tí ó rí i, ó ti pẹ́ jù. Los Angeles jìnnà sí Ìlọrin, ṣùgbọ́n irú ojú kan náà ni ó wà lórí ọmọ ènìyàn.

Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ má ṣe tìtorí èyí yọ̀ pé àre ni tiyín. Ẹni tí ó jàre tí ó sì wà nínú sàréè, kí ni yóò fi àre náà ṣe? Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé ni èyí: ẹ má ṣe rò pé awakọ̀ ti rí yín. Ẹ máa gùn ún bí ẹni tí a kò rí.

Báwo ni a ṣe ń ṣe é? Ẹ tan iná iwájú lọ́sàn-án bí ẹ ti ń tàn án lóru. Ẹ wọ aṣọ tí ó mọ́lẹ̀ tàbí tí ó pọ́n. Aṣọ dúdú lálẹ́ kò yàtọ̀ sí fífi ara pamọ́. Ẹ rí i dájú pé iná ẹ̀yìn ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá dé ìkóríta, ẹ dẹ eré, ẹ gbé ọwọ́ lé bíréèkì, kí ẹ sì máa wo táyà iwájú ọkọ̀ tí ó fẹ́ yà, nítorí táyà a máa sọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Ẹ má ṣe rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ trélà. Bí ẹ kò bá rí ojú awakọ̀ nínú dígí rẹ̀, òun náà kò rí yín; bí ó bá sì ń yà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò gbá yín mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe kọjú sí ọkọ̀ ní ojú ọ̀nà tí kì í ṣe tiyín. Ẹ jìnnà díẹ̀ sí ọkọ̀ tí ó dúró, kí ilẹ̀kùn má baà ṣí lù yín.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí: “Mo ní owó tí mo gbọ́dọ̀ dá fún ẹni tí ó ni alùpùpù lálẹ́, bí n kò bá sáré, n kò ní rí i.” Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ọ̀nà bá jẹ́ kìlómítà 5, ẹni tí ń sá eré 60 yóò dé ní ìṣẹ́jú 5. Ẹni tí ń sá 40 yóò dé ní ìṣẹ́jú 7 ààbọ̀. Ìṣẹ́jú 2 ààbọ̀ péré ni èrè eré àsápajúdé. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹni tí ń sá eré 50 ń fi ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo kọjá mítà 14, èyí tí í ṣe gígùn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mẹ́ta. Kí ó tó pariwo pé “Yéè!”, ó ti dé ibi ọkọ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ akoto ńkọ́? Ẹ ó rántí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ líle mú òfin akoto, àwọn ọlọ́kadà kan de igbá, àwọn mìíràn de agolo ọ̀dà. Àwọn èrò kan sì kọ̀ láti dé akoto, wọ́n ní àwọn ń bẹ̀rù oògùn. A rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n orí kì í ṣe ohun àwàdà. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn kó ìwádìí púpọ̀ jọ, wọ́n sì rí i pé akoto dín ikú ọlọ́kadà nínú jàǹbá kù ní ìwọ̀n 42 nínú 100, ó sì dín ìfarapa orí kù ní ìwọ̀n 69 nínú 100. Igbá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Akoto tí a kò so okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Bí èrò bá ń bẹ̀rù òógùn ẹlòmíràn, kí ó fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé orí kí ó tó dé e.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má ṣe rò pé mo gbàgbé yín. Kí ẹ tó yà, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ sì máa wá alùpùpù ní tààrà. Ẹ fi iná sọ ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ wo dígí kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ má ṣe fún ọlọ́kadà bọ́ sí etí títì. Ẹni tí ẹ pè ní wèrè yẹn, ọmọ ẹnìkan ni, bàbá ẹnìkan sì ni.

Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kí a má ṣe dìde ìjà, kí a má sì ṣe fa ẹni tí ó farapa wọ́lẹ̀. Kí a pe Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí a ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1988, lórí nọ́ńbà 122.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí ó mọ ìwé kà kí ó ka ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà. Kí ìyàwó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ ní òwúrọ̀ kí ó tó tẹ iná sí alùpùpù: “Má ṣe rò pé ó ti rí ọ.” Kí Ọlọ́run máa mú wa lọ, kí ó sì máa mú wa bọ̀ láyọ̀.