Ojú Mẹ́wàá Kò Jọ Ojú Ẹni

  

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí ó ti fìyà jẹ mí rí.

Ọdún 2006 ni mo dé Lọ́ńdọ̀nù láti kàwé gboyè kejì. Nígbà tí mo parí, ó kù díẹ̀ kí físà mi tán. Ọ̀gbẹ́ni kan tí a máa ń pàdé lóde àríyá ní òun mọ ọ̀nà. Mo kó ìwé fún un, mo san owó, mo buwọ́ lu fọ́ọ̀mù tí wọn ò tíì kọ nǹkan kan sí. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìṣirò owó tán, mi ò gba rìsíìtì! Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí físà mi tán ló tó fi í ránṣẹ́. Wọ́n kọ̀ ọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ti fún mi bọ́. Kí lọ́yà gidi tó bá mi tún un ṣe, ó gba nǹkan bí ọdún méjì. Láàárín ìgbà yẹn ni bàbá mi kú ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí mo bá jáde, mi ò ní lè wọlé mọ́. Orí fóònù ni mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń da erùpẹ̀ sí bàbá mi. Èmi sì ni àkọ́bí.

Àwọn àgbà ní ojú mẹ́wàá kò jọ ojú ẹni. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ló kọ fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n èmi ni mo buwọ́ lù ú. Èmi ni ìjọba mọ̀.

Òfin ọdún 1999 ní ilẹ̀ yìí sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìmọ̀ràn lórí ìwé ìgbélùú ṣiṣẹ́ ṣe láìgba àṣẹ, ìbáà gba owó, ìbáà má gbà á. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ wa kì í fi í bá ènìyàn kọ fọ́ọ̀mù. Lọ́yà ní àṣẹ. Àwọn agbaninímọ̀ràn tí kì í ṣe lọ́yà, ọ́fíìsì tí à ń pè ní OISC tẹ́lẹ̀, tó di Immigration Advice Authority ní oṣù kìíní ọdún 2025, ló ń fún wọn láṣẹ. Orúkọ wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò ó kí ẹ tó na kọ́bọ̀. Ẹni tó bá bínú nítorí pé ẹ bi í bóyá ó ní àṣẹ, ẹ sá fún un.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ló ká mi lára jù. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ọmọ tí a bá bí síbí ti di ọmọ onílùú lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1983. Bí ìkankan nínú bàbá àti ìyá rẹ̀ kò bá tíì jẹ́ ọmọ onílùú, tí wọn ò sì tíì gba ìwé tí gbogbo wa ń pè ní indefinite, ìbí nìkan kò tó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà. Bí ọ̀kan nínú yín bá gba ìwé náà kí ọmọ tó pé ọdún 18, ẹ lè bá a forúkọ sílẹ̀. Ọmọ tí a bí síbí, tó lo ọdún 10 àkọ́kọ́ níbí, tí kò sì lò ju ọjọ́ 90 lọ lẹ́yìn odi nínú ọdún kankan nínú wọn, lè forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú, kódà bó ti dàgbà. Owó rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n láti oṣù kẹfà ọdún 2022, ìdílé tí agbára rẹ̀ kò ká a lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gba owó náà lórí ọmọ tí kò tíì pé 18.

Nítorí náà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀: ìwé ìbí, ìwé pupa tí wọ́n ń kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára sí, lẹ́tà ilé ìwé lọ́dọọdún, àti ìwé ìrìnnà tó ti lò tán. Ẹ má ju nǹkan kan nù.

Ẹ̀yin tí ẹ̀rí ìgbélùú yín ti kúrò lórí káàdì bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ rí i dájú pé email yín àti nọ́ńbà fóònù yín ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ti ẹni tó bá yín ṣe é.

Ẹ̀yin ọmọ wa, bí màmá yín bá gba lẹ́tà tó ń bà wọ́n lẹ́rù, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ sì bi wọ́n pé, "Màámi, páálí tèmi ńkọ́?" Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àrífín.

Ẹgbẹ́ kò lè kọ fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n a lè sìn yín lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ dá lọ sọ́dọ̀ lọ́yà, kó rí mi lẹ́yìn oúnjẹ. Màá bá a gbé fáìlì dání.

Olúwa kò ní jẹ́ ká sìnkú òbí wa lórí fóònù. Àmọ́dún á bá wa láyọ̀.