Sójà Tí Ó Ti Ogun Dé: Ilé Rẹ̀, Ọkọ̀ Rẹ̀ àti Ọjọ́ Sátidé Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa ní Ìpàdé Ọdọọdún)

 

Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ nípa àwọn ajagunfẹ̀yìntì, mo mọ̀ pé ìtàn ìbọn ni ọ̀pọ̀ yóò máa retí. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò wọ́n. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdọọdún, a ń tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀, a ń gbé òdòdó síbi ìrántí, àwọn ọlọ́lá sì ń lẹ àmì mọ́ àyà. Ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni a ń ṣe é tẹ́lẹ̀ rí, kí a tó gbé e lọ sí ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré ni. Ọjọ́ 364 tí ó kù, inú ilé ni sójà ń gbé, pẹ̀lú ìyàwó, pẹ̀lú ọmọ, pẹ̀lú ọkọ̀ tí ó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, àti Sátidé gígùn tí kò mọ ohun tí yóò fi ṣe. Ti inú ilé yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí a ń pè ní ará Bọ́má. Ní 1943 ni a kó Ẹ̀ka Ọmọ-ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ láti Nàìjíríà, Góòlù Kósì, Sàró àti Gáńbíà. A kó wọn gba orí òkun lọ sí Íńdíà, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti wọ igbó Arakan ní Bọ́má lọ bá àwọn ará Japan jà. Àwọn ọmọ-ogun 81 ní láti gun òkè, kí wọ́n sọ̀ ọ́, kí wọ́n tún gun òmíràn, kí wọ́n tó dé àfonífojì odò Kaladan. Kò sí ọ̀nà. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi la ọ̀nà náà, ní ìparí 1943 wọ 1944, máìlì 75 láti Chiringa, títí ọkọ̀ jíìpù fi lè gba ibẹ̀ kọjá. Níbi tí jíìpù kò lè dé, orí ènìyàn ni ó di ọkọ̀: àwọn kan nínú wọn kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n ru àpótí ọta àti àpò oúnjẹ, ọkọ̀ òfuurufú a sì máa ju ìyókù sílẹ̀ fún wọn láti ojú ọ̀run. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ogun náà ti rí, kí ó wo àmì tí àwọn ọmọ-ogun 82 ń lẹ̀ mọ́ aṣọ: ọ̀kọ̀ méjì tí ó gba inú òṣùká kọjá. Òṣùká, ẹ̀yin ìyá wa, irú èyí tí ẹ fi ń ru omi!

Orúkọ ìrìn àjò náà ṣì wà láàárín wa. Ẹ̀ka Ọmọ-ogun 81 ti ilẹ̀ wa wà ní Èkó lónìí, 82 wà ní Enugu. Arakan sì ni orúkọ báríkì tí ó wà ní Àpápá, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ èrò ń dárúkọ fún awakọ̀ láìmọ̀ pé igbó ibi tí àwọn bàbá wọn ti sun inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń pè.

Bàbá mi wà lára àwọn tí ó wa jíìpù ní ọ̀nà máìlì 75 yẹn. Àgbẹ̀ ni kí ó tó lọ; kò tí ì fọwọ́ kan mọ́tò rí. Iṣẹ́ ológun ni ó kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà, ó kọ́ ọ bí a ti ń tú ẹ́ńjìnnì àti bí a ti ń lẹ táyà, ó sì kọ́ ọ ní èdè Hausa, nítorí pé Hausa ni àwọn ọmọ-ogun Nàìjíríà fi ń gbọ́ ara wọn yé ní báríkì nígbà náà. Nígbà tí ó padà dé ní 1946, ó ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò rí ọkọ̀ tí yóò wà. Ìjọba ti ṣe òfin ní 1945 láti mú kí àwọn agbanisíṣẹ́ gba àwọn tí ó ti ogun dé, ṣùgbọ́n òfin kò lè bí mọ́tò. Àwọn awakọ̀ tí ogun kọ́ pọ̀ ju ọkọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lọ. Ọdún méjì ni bàbá mi fi padà sí ìdí kòkó, kí òun àti àwọn méjì tí wọ́n jọ ti Bọ́má dé tó da owó wọn pọ̀, tí wọ́n sì ra lọ́rì Bedford àlòkù kan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ kò mọ irú ọkọ̀ náà. Ẹ́ńjìnnì àti férémù rẹ̀ nìkan ni ó ń ti Ìlú Òyìnbó wá. Káfíńtà wa níbí ni ó ń fi pákó kan ara rẹ̀, tí ó ń to bẹ́ǹṣì sí inú rẹ̀, ayàwòrán a sì kọ ọ̀rọ̀ tí ó bá wu olówó sí iwájú orí rẹ̀. Bọ́lẹ̀kájà ni a ń pè é, nítorí ìjà tí àwọn ọmọ ọkọ̀ ń jà lórí èrò. Èmi ṣe àkíyèsí pé àwọn awakọ̀ tí ó ti rí ogun gidi kì í sábà bọ́ sílẹ̀ jà.

Bí bàbá mi ti ń ṣe ọkọ̀ rẹ̀ ni ó ń ṣe ilé rẹ̀. Agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni gbogbo wa ń jí. Ẹní gbọ́dọ̀ wà ní kíká, kí etí rẹ̀ dọ́gba. Korobá omi gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan ṣoṣo lẹ́bàá ògiri. Tíì ni ó ń mu ní òwúrọ̀ nínú kọ́ọ̀bù irin, pẹ̀lú mílíìkì agolo, kí ó tó bojú wo ẹ̀kọ, àwọn ìyàwó ilé sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé Òyìnbó Bọ́má ti jí. Bí inú bá bí i, Hausa ni ó ń bọ́ sí. Àwa ọmọ kò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n ìró ohùn ti tó wa láti mọ̀ bóyá kí á dúró tàbí kí á wá ibi gbà.

Èyí jẹ́ ohun ẹ̀rín. Òru ni kò ṣeé rẹ́rìn-ín. Bàbá mi a máa pariwo láti ojú oorun, a máa fọ́n ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn dànù. Àwọn ará ilé sọ pé òkú àwọn tí ó pa ni ó ń dà á láàmú, wọ́n sì mú un lọ sí ibi púpọ̀. Ìyá mi ni ó rí ọ̀nà rẹ̀. Kì í fọwọ́ kàn án. Yóò dúró ní ẹnu ilẹ̀kùn, yóò máa pe oríkì rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí ọkùnrin náà yóò fi mọ̀ pé ilé òun ni òun wà. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ìyá mi, kò sí àmì ẹ̀yẹ tí a lẹ̀ mọ́ ọn láyà. Obìnrin kan ṣoṣo ní àdúgbò wa, tí ọkọ tirẹ̀ náà ti Bọ́má dé, ni ó ń bá sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá jọ lọ sí odò. Ní 1980 ni àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tó kọ irú ìpayà yìí sínú ìwé àìsàn wọn, lẹ́yìn tí wọ́n ti rí i lára àwọn tí ó ti ogun Vietnam dé. Àìsàn ni, kì í ṣe àsàsí, kì í sì í ṣe ojo. Ẹ̀yin tí ọmọ tàbí ọkọ yín ti Maiduguri dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ gbólóhùn yìí dáadáa: ẹ mú un lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà.

Wàhálà tí ó tẹ̀lé e ni pé sójà kì í sọ̀rọ̀. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé ní agbègbè Ọ̀wọ̀, wà lára àwọn tí ń tọ́jú ọgbẹ́ nínú ogun náà. Ìbọn bà á ní oṣù Kẹta 1944 ní etí odò Kaladan. Òun àti ọmọ Sàró kan, David Kargbo, sápamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ náà tí ń jẹ́ Shuyiman sì ń bọ́ wọn ní bòókẹ́lẹ́. Ó padà wálé, ó ṣe iṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìntì, ó ń tiro. Ọdún 1999 ni ìwé rẹ̀ tó jáde, ní ọdún 55 lẹ́yìn ìbọn náà. Bíyì Bándélé, tí ó kọ ìtàn àròsọ nípa àwọn sójà Bọ́má ní 2007, ẹnu bàbá tirẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa ogun náà. Mélòó nínú àwọn ará Bọ́má ìlú wa ni ó fi ìtàn kankan sílẹ̀?

Sójà kì í sọ̀rọ̀ bí a bá ní kó jókòó kí ó sọ̀rọ̀. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ni ẹnu rẹ̀ ń là. Ní ọjọ́ Sátidé, lọ́rì kì í jáde. A ó gbé e sí abẹ́ igi odán, àwa ọmọ a pọn omi, a fọ̀ ọ́. Nígbà tí oòrùn bá yí, àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi yóò dé, mẹ́rin, márùn-ún, èyí tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ àti èyí tí ó ń fẹsẹ̀ rìn. Wọn a ṣí iwájú ọkọ̀, wọn a tú ohun tí kò bàjẹ́ palẹ̀, wọn a fọ̀ ọ́ nínú bẹntiróòlù, wọn a tún un tò. Lẹ́yìn náà ni ọpọ́n ayò àti ti dírááfù yóò jáde, àti kèrègbè ẹmu kan. Láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹmu ni ọ̀rọ̀ ń jábọ́: òjò tí ó rọ̀ fún oṣù mélòó kan, eṣúṣú tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ní ẹsẹ̀, ọmọkùnrin kan láti ìlú kejì tí wọ́n sin láìsí pósí. Èmi tí mo ń di sípánà mú fún wọn ni mo gbọ́. Ohun tí mo sọ fún yín nípa ọ̀nà máìlì 75 yẹn, abẹ́ igi odán ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí n tó kà á nínú ìwé kankan. Ní Sátidé tí ọ̀kan nínú wọn bá sì kú, àwọn tí ó kù a wọ kóòtù dúdú, a gbé ẹ̀yẹ wọn sí àyà, a tò lẹ́sẹẹsẹ lẹ́bàá sàréè, fèrè a sì dún.

Ní 1964, ojú bàbá mi kò dára tó fún ọkọ̀ mọ́, a sì ta lọ́rì náà. A rò pé ẹrù ni a sọ̀ kalẹ̀ fún un. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ní Sátidé kìíní, wọ́n wá ní èkejì, lẹ́yìn náà wọn kò fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́, nítorí pé àgbàlagbà ọkùnrin kì í fẹ́ máa wo ojú ara wọn lásán. Igbe òru tí ó ti dínkù sì tún padà wá.

Ogun abẹ́lé ti 1967 sí 1970 mú irú tirẹ̀ wá. Àwọn tí ó ti ibẹ̀ dé fi Peugeot kó èrò, wọ́n sì tún wá di ọlọ́kadà. Ní ìhà kejì, àwọn tí ó jà fún Biafra tí wọ́n sì gé lẹ́sẹ̀ jókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí kẹ̀kẹ́ arọ ní Oji River, tí wọ́n ń tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn tí ń wakọ̀ kọjá. Ojú a máa tì mí láti dárúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ará Laibéríà, àti àwọn ọ̀dọ́ tí ń ti Borno bọ̀ nísinsìnyí.

Àwọn kan níbí yóò sọ pé sójà ni ó ba orílẹ̀-èdè yìí jẹ́, kí a fi wọ́n sílẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ nínú ìpàdé yìí rí. Àwọn tí ó gba ìjọba ní 1966, ní 1983 àti ní 1993 kò sí lára àwọn tí mo ń sọ. Kọ́pùrù tí ń ṣọ́ géètì ní ilé epo ní ìsàlẹ̀ ọjà kò ka ìkéde kankan lórí rédíò. Bí a bá sì ń ṣe àyẹ̀wò àwọn tí ń gba owó ìfẹ̀yìntì, ọkọ̀ mẹ́ta ni ó ń wọ̀ pẹ̀lú orúnkún tí kò ká, tí yóò sùn sí ilé onílé. Ní Sátidé, ẹ ó rí i ní ìkángun tẹ́ǹtì òkú ẹlòmíràn, òun nìkan, pẹ̀lú ìgò.

Alàgbà Alága, owó kọ́ ni mo wá tọrọ. Bọ́ọ̀sì Ẹgbẹ́ wa wà ní ẹ̀yìn Gbọ̀ngàn yìí, òkú àti ìyàwó nìkan ni ó ń gbé. Ẹ jẹ́ kí ó máa gbé àwọn ajagunfẹ̀yìntì wa lọ sí ibi àyẹ̀wò owó ìfẹ̀yìntì, kí ó sì máa gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní ìgbà tí dókítà bá fún wọn. Ìtọ́jú ọkọ̀ náà, ẹ fi lé wọn lọ́wọ́: mẹ́ta nínú wọn jẹ́ mẹkáníìkì nínú iṣẹ́ ológun, awakọ̀ wa yóò sì jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ó ti ṣí iwájú ọkọ̀ náà wò láti ìgbà Kérésìmesì. Ẹ tún jẹ́ kí àwọn ìyàwó wọn ní yàrá kékeré ti ẹ̀gbẹ́ Gbọ̀ngàn ní ọjọ́ kan náà. Nọ́ọ̀sì ìlú wa ti ṣèlérí láti máa wá bá wọn jókòó.

Mo ti bá Bàbá Sájẹ́ǹtì sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti gbà láti jẹ́ olórí. Bí Ẹgbẹ́ bá fọwọ́ sí i lónìí, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tí ń bọ̀ ni, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ igi máńgòrò tí ó wà ní iwájú yìí. Ọpọ́n ayò bàbá mi ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Èmi ni yóò gbé e wá. Ẹni tí ó bá ní sípánà tí ó dára, kí ó mú un lọ́wọ́.