Òrìṣà Pọ̀, Olódùmarè Ńkọ́?

Ṣé ọ̀pọ̀ ọlọ́run ni àwọn baba wa ń bọ ni, àbí ọ̀kan ṣoṣo?

Lọ́dún 1962, Bọ́lájí Ìdòwú, àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì tó tún jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Ìbàdàn, tẹ ìwé jáde lórí Olódùmarè. Ó ní Ọlọ́run kan ni Yorùbá mọ̀, pé ìránṣẹ́ Rẹ̀ làwọn òrìṣà. Okot p'Bitek, akéwì ọmọ Ùgáńdà, kò fara mọ́ irú èrò bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, aṣọ àlejò ni irú àwọn onímọ̀ bẹ́ẹ̀ ń wọ̀ fún òrìṣà Áfíríkà.

Ní tèmi o, ọ̀rọ̀ náà ju ká máa ka iye wọn lọ. Agbo ilé lè máa bọ Ògún, kí ìyàwó gbé Ọ̀ṣun tirẹ̀ wọlé, kí Ifá tún ní kí ọmọ tuntun bọ Ọbàtálá. Òrìṣà tuntun kì í lé ti àtijọ́ jáde, ohun tó wú mi lórí jù nìyẹn. Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ń bọ Òkèbàdàn lọ́dọọdún, òkè tí àwọn baba ńlá sá sí nígbà ogun.

Irú rẹ̀ wà níbòmíràn náà. Ní Íńdíà, ọ̀pọ̀ tó ń bọ òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Shiva ń júbà òrìṣà mìíràn, Vishnu. Ní Kúbà, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú so Ṣàngó pọ̀ mọ́ Santa Barbara, ẹni mímọ́ àwọn Kátólíìkì. Ọjọ́ kẹrin Oṣù Kejìlá ni wọ́n sì ń ṣọdún àwọn méjèèjì títí dòní.