30 sẹ́ǹtì tó ń jẹ èrè yín: gateway wo ló yẹ òwò kékeré ní Ọsirélíà?

(Ọ̀rọ̀ ètò wa ti ọ̀sẹ̀ yìí rèé, fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kà á dípò kí ẹ gbọ́ ọ.)

Èmi nìkan ni mo wà nídìí gbohùngbohùn lónìí, kò sí àlejò, torí ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ ń fi ránṣẹ́ sí wa ṣáá. Ó wá láti Melbourne, ó wá láti Perth, ó wá láti Brisbane: "Mo fẹ́ máa tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Ọsirélíà níbí. Payment gateway wo ni kí n lò?"

Ẹni tó bá dárúkọ iléeṣẹ́ kan fún yín láì kọ́kọ́ bèèrè pé èló lẹ ń ta ọjà yín, ẹ má tíì tẹ̀lé e. Iye tí oníbàárà yín ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni ìdáhùn náà wà nínú rẹ̀.

Ká kọ́kọ́ sọ ohun tí gateway jẹ́. Òun ni agbowó tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Oníbàárà tẹ nọ́ḿbà káàdì rẹ̀, agbowó yìí bá báńkì oníbàárà sọ̀rọ̀, ó gba owó, ó yọ tiẹ̀, ó wá fi ìyókù ránṣẹ́ sí báńkì yín. Nǹkan mẹ́ta ló yẹ kẹ́ ẹ bi í: èló lo ń yọ? Ìgbà wo lo máa fún mi lówó mi? Bí wàhálà bá dé, ta ló máa ru ú?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí iye tó ń yọ. Mo mú méjì tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ níbí, Stripe àti Square. Iye tí wọ́n kọ fún Ọsirélíà nígbà tí mò ń ṣètò ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ẹ tún un yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀, torí wọ́n máa ń yí i padà. Stripe ń gba 1.7% àti 30 sẹ́ǹtì lórí káàdì Ọsirélíà. Square ń gba 2.2% lórí ọjà tí ẹ tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sí 30 sẹ́ǹtì nínú tiwọn. Ẹni tó bá sáré wò ó á ní 1.7 kéré sí 2.2, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò tíì bùṣe o.

Ẹ fojú inú wo òǹtàjà mẹ́ta. Ẹni àkọ́kọ́ ń ta chin-chin, ọ̀rá kan dọ́là 8. Stripe á yọ nǹkan bíi sẹ́ǹtì 14, á tún yọ 30 lé e: sẹ́ǹtì 44. Square á yọ nǹkan bíi sẹ́ǹtì 18, ó parí. Bó bá rí ọ́dà 100 lóṣù, ọ̀rá kan fún ọ́dà kan, dọ́là 43.60 ló máa lọ sọ́dọ̀ Stripe, dọ́là 17.60 ló máa lọ sọ́dọ̀ Square. Dọ́là 26 ló wà láàárín wọn, lórí chin-chin! Owó ìyẹ̀fun nìyẹn, owó òróró nìyẹn.

Ẹnìkejì ń ta autogele, gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀, ọ̀kan dọ́là 60. Stripe á yọ dọ́là 1.32. Square náà á yọ dọ́là 1.32. Ọgbọọgba.

Ẹnìkẹta ń ta aṣọ òkè ìyàwó, dọ́là 240. Stripe á yọ 4.38, Square á yọ 5.28. Ibí yìí ni Stripe ti wá dín owó lóòótọ́.

Ṣé ẹ ti rí i? Dọ́là 60 ni ààlà láàárín àwọn méjèèjì. Bí ọ́dà yín kì í bá tó bẹ́ẹ̀, 30 sẹ́ǹtì yẹn ló ń jẹ yín. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá ọgọ́rùn-ún ni kẹ́ ẹ máa wò. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Sẹ́ǹtì ọgbọ̀n kò jọ nǹkan kan lójú, àmọ́ lórí ọjà dọ́là mẹ́jọ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4% fúnra rẹ̀.

Àwọn tó ti tajà nílé mọ ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà mìíràn. Paystack ní Nàìjíríà ń gba 1.5% àti náírà 100, àmọ́ wọ́n máa ń fi náírà 100 yẹn sílẹ̀ bí ọjà bá kéré sí náírà 2,500. Wọ́n ṣàánú ọjà kékeré. Lóòótọ́, Stripe ló ra Paystack lọ́dún 2020, ṣùgbọ́n ẹ má retí àánú yẹn nínú iye tí Stripe kọ fún ọjà yín níbí.

Kí wá ni ẹni tó ń ta nǹkan kékeré lè ṣe, bó bá jẹ́ pé Stripe ló ti wà lórí wẹ́bsáìtì rẹ̀? Kó di ọjà pọ̀. Ọ̀rá chin-chin mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, dọ́là 24: nǹkan bíi sẹ́ǹtì 71 ni wọ́n máa yọ. Bí ẹni mẹ́ta bá rà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, dọ́là 1.31 ni. Ọjà kan náà, owó kan náà, èrè tó yàtọ̀.

Ẹ tún wo ibi tí wẹ́bsáìtì yín wà. Bó bá jẹ́ Shopify lẹ ń lò, tí ẹ kò sì lo Shopify Payments tiwọn, wọ́n á yọ owó mìíràn lórí ọ́dà kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí èyí tí gateway yín ń yọ. Ìyẹn ni pé agbowó méjì ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà yín. Ẹ ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn.

Ó dáa. Ìbéèrè kejì: ìgbà wo ni owó máa dé? Ìbéèrè yìí lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ẹni tí wọ́n bá mú owó rẹ̀ dání kò rántí 1.7% mọ́.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe. Mo ya ìgbéyàwó kan, tọkọtaya san dọ́là 1,900 lẹ́ẹ̀kan gba orí gateway kan tí mi ò ní dárúkọ. Owó tó pọ̀ jù lọ tó tíì gba orí àkáǹtì náà kọjá nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì ni ímeèlì dé: àwọn ń yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo ìwé tí wọ́n bèèrè ti wà lọ́wọ́ wọn, mo ti parí iṣẹ́, tọkọtaya ò ráhùn. Síbẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlá ni owó yẹn fi jókòó. Owó ilé mi tó san lọ́jọ́ kẹfà. Mo yá a lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é kò fara sin: owó tó ṣàdédé tóbi jọ jìbìtì lójú ẹ̀rọ, iléeṣẹ́ náà ló sì máa kọ́kọ́ jẹ gbèsè bó bá jẹ́ jìbìtì lóòótọ́. Nítorí náà, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀: owó tí mo kọ́kọ́ gbà máa pẹ́ tó ọjọ́ mélòó? Èyí tó tẹ̀lé e ńkọ́? Bí ẹ bá mú owó mi dání, ṣé èèyàn wà tí mo lè pè lórí fóònù? Ṣé ọmọ ẹgbẹ́ AFCA ni yín? AFCA ni àjọ tó ń gbọ́ ẹjọ́ báńkì àti àwọn iléeṣẹ́ owó ní Ọsirélíà, òwò kékeré náà sì lè gbé ẹ̀sùn lọ síbẹ̀. Kí orúkọ tó wà lórí ABN yín, lórí àkáǹtì báńkì yín àti lórí gateway yín bára mu. Bí ẹ bá sì mọ̀ pé owó ńlá ń bọ̀, ẹ kọ̀wé sọ fún wọn ṣáájú.

Ìbéèrè kẹta: ta ló máa ru wàhálà? Bí oníbàárà bá sọ fún báńkì rẹ̀ pé òun kọ́ lòun ra ọjà yẹn, báńkì á fa owó náà padà. Chargeback ni wọ́n ń pè é. Stripe ń gba dọ́là 25 lórí ọ̀kan. Ẹ fi wé chin-chin dọ́là 8! Bí ẹ bá sì dá owó oníbàárà padà wọ́ọ́rọ́wọ́, Stripe kì í dá èyí tí wọ́n ti yọ padà fún yín. Ohun tó máa gbà yín ni ẹ̀rí: nọ́ḿbà tí Australia Post fi ń tọpa ẹrù, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin àti oníbàárà jọ sọ, àti orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín tó hàn dáadáa lórí ìwé báńkì oníbàárà, kó má baà rí orúkọ àjèjì kó sì ké olè.

Ẹnìkan á ní, "Ṣé mi ò kúkú lè gba PayID?" Ẹ lè gbà á, ó sì dáa fún àwọn tó mọ̀ yín. Láti oṣù Kejì ọdún 2018 ló ti wà: oníbàárà á tẹ nọ́ḿbà fóònù, ímeèlì tàbí ABN yín, á rí orúkọ yín, owó á sì sábà wọlé kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Àmọ́ ẹ má di ẹrù nítorí àwòrán tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ pé òun ti sanwó. Fake alert ò fi ilé nìkan sílẹ̀, ó ti wọkọ̀ òfuurufú. Bí ímeèlì bá sì dé pé kẹ́ ẹ san nǹkan kí PayID yín lè gba owó ńlá, jìbìtì ni. PayID kì í fi ímeèlì béèrè owó.

Àwọn tí kò mọ̀ yín rí kò ní fẹ́ fi owó ránṣẹ́ báyẹn. Káàdì ló ń fọkàn wọn balẹ̀. Torí náà, ẹ ní méjèèjì.

Nípa Afterpay, ọmọ Sydney ni, àwọn ọ̀dọ́ níbí sì fẹ́ràn rẹ̀: ẹ̀yin á gba owó yín, oníbàárà á máa san tiẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ òǹtàjà ju ti káàdì lọ dáadáa. Mi ò ní gbé e sórí chin-chin. Aṣọ òkè dọ́là 240, ó ṣeé rò.

Ẹ̀yin tí mọ̀lẹ́bí máa ń fi káàdì ilẹ̀ òkèèrè rajà lọ́wọ́ yín, ẹ rántí pé Stripe ń gba 3.5% àti 30 sẹ́ǹtì lórí irú káàdì bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìdajì ọjà yín ló ń gba ibẹ̀ wọlé, ìṣirò tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan ti yí padà.

Ẹ má sì fi ọkàn lé e pé oníbàárà ló máa san owó káàdì. Òfin sọ pé òǹtàjà ò gbọdọ̀ lé ju ohun tó ná an gan-an lọ, àjọ ACCC ló ń ṣọ́ ọ. Ní oṣù Keje ọdún 2025, báńkì àpapọ̀, RBA, tún gbé àbá jáde pé kí àfikún yẹn kásẹ̀ nílẹ̀ lórí eftpos, Visa àti Mastercard. Ẹ ṣírò rẹ̀ mọ́ iye ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bó bá jẹ́ èmi, ohun tí màá ṣe rèé. Tí mo bá ń ta chin-chin, màá mú èyí tí kò ní 30 sẹ́ǹtì, màá sì ta á ní ọ̀rá mẹ́ta mẹ́ta. Tí mo bá ń ta aṣọ òkè, màá mú èyí tí ìdá ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kéré, màá sì gba PayID lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ mí. Èyí ó wù kí n tà, màá ní owó ilé oṣù kan nípamọ́ níbi tí gateway kankan ò lè fọwọ́ kàn.

Lálẹ́ òní, ẹ mú ọ́dà yín ogún tó kẹ́yìn, ẹ pa wọ́n pọ̀, ẹ pín in sí ogún. Iye tẹ́ ẹ bá rí yẹn ló máa yan gateway fún yín. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kẹ́ ẹ sọ ohun tí ẹ ń tà. Màá ka díẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dìgbà o. Ọjà á tà, a ò ní rí àdánù.