Kókó Ọmú: Ẹ Bèèrè Èsì Àyẹ̀wò

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má pa rédíò yín o, jẹjẹrẹ ọmú máa ń mú ọkùnrin náà, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Kò sí dókítà tó lè fi ọwọ́ lásán mọ ohun tí kókó ọmú jẹ́ dájúdájú. Lóòótọ́, èyí tó ń yọ̀ lábẹ́ ìka lára ọmọge sábà máa ń jẹ́ fibroadenoma, ìyẹn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Síbẹ̀, ìfura lásán ni. Ẹran kókó náà gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò.

Wọ́n á fún ibẹ̀ ní oògùn tí kò ní jẹ́ kó dunni, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ oníhò gé ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ jáde. Àwọn kan ń sọ pé bí abẹ́rẹ́ bá kan kókó, jẹjẹrẹ yóò tàn ká. Ọ̀rọ̀ yìí ń bà mí nínú jẹ́ púpọ̀, torí ó ń dá obìnrin dúró sílé títí kókó á fi di egbò.

Ẹran yẹn gbọ́dọ̀ wọ inú fọmalíìnì láàárín wákàtí 1. Bó bá pẹ́ níta, yóò máa bàjẹ́, èsì rẹ̀ á sì ṣini lọ́nà. Ní láàbù, wọ́n á rì í sínú ìda, wọ́n á gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á pa á láró. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ti já ààlà rẹ̀ wọ inú ẹran ìtòsí, jẹjẹrẹ tó ń gbilẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á wá díwọ̀n bó ṣe le tó, nípa ìlànà tí Elston àti Ellis gbé jáde ní Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1991: ṣé sẹ́ẹ̀lì ṣì ń tò yí ihò kéékèèké ká bí ti ọmú tó dá ṣáṣá? Ṣé àárín wọn ti tóbi ju ara wọn lọ? Mélòó ló ń pín sí méjì lọ́wọ́? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba máàkì 1 sí 3. Àròpọ̀ 3 sí 5 ló rọ̀ jù. 8 tàbí 9 ló le jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bèèrè àyẹ̀wò ER àti PR, ìyẹn ibi tí họ́mọ́ọ̀nù ń so mọ́ lára sẹ́ẹ̀lì, àti HER2, èròjà tó ń mú sẹ́ẹ̀lì dàgbà. Bí ER bá wà, oògùn oníhóró bíi tamoxifen lè ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ HER2 ló pọ̀ níbẹ̀, trastuzumab wà fún un. Irú tí kò ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ́pọ̀ láàárín obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju ti àwọn òyìnbó lọ, ìtọ́jú tirẹ̀ sì yàtọ̀. Bí wọn ò bá ṣe àyẹ̀wò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí nígbà àkọ́kọ́, ẹ sọ fún dókítà yín: láàbù sábà máa ń tọ́jú ẹran inú ìda yẹn fún ọdún púpọ̀, wọ́n sì lè tibẹ̀ ṣe é láìtún gún yín lábẹ́rẹ́.