Rímù Ńlá àti Owó Epo: Ohun tí Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Ń Ṣe ní Ìkàtẹ́ Ẹlẹ́gùṣì

Láàárọ̀ kùtù, títì Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ ti kún fọ́fọ́ ní Ìkàtẹ́ Ẹlẹ́gùṣì. Bọ́ọ̀sì kékeré kòrópe ń du ọ̀nà mọ́ jíìpù lọ́wọ́, gbogbo ọkọ̀ ń yí díẹ̀, wọ́n ń dúró, wọ́n tún ń yí. Láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yìí, kò ní pẹ́ tí èèyàn yóò fi rí Corolla kan tí rímù rẹ̀ ń dán bíi dígí, tó tóbi débi pé táyà tó yí i ká kò ju bèbè tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ó wuyì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èló ni olówó ọkọ̀ ń san fún ẹwà náà nílé epo?

Kí ìjọba àpapọ̀ tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, líta epo bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà l'Ékòó. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti ń sún mọ́ 1,000 náírà. Ohun tí ojú ń fò dá láyé epo pọ́ọ́kú ti wá di nǹkan tó yẹ ká jókòó ṣírò.

Ara táyà ni ìṣirò náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Corolla ọdún 2009 sí 2013 ló ń lo táyà tí wọ́n kọ 195/65R15 sí lára. 195 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 65 ń sọ bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe ga tó: ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà. 15 ni ìwọ̀n rímù ní íǹṣì. Tí a bá sọ rímù di mìlímítà, tí a sì ro ó pọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà lókè àti nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ náà ga tó mìlímítà 634. Ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n fi 205/55R16 sí òmíràn nínú àwọn Corolla wọ̀nyí, ìyẹn sì ga tó 632. Rímù tóbi sí i, ẹ̀gbẹ́ táyà kúrú sí i, ṣùgbọ́n gíga ẹsẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú nìyí. Ẹnìkan ra rímù íǹṣì 17, ó sì de 205/55R17 mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti di mìlímítà 657. Ẹsẹ̀ íǹṣì 15 ti tẹ́lẹ̀ ń yí ní ìgbà 502 kó tó rin kìlómítà kan. Tuntun yìí kò ju 484 lọ. Ìyípo ẹsẹ̀ sì ni máílì, ẹ̀rọ tó ń ka ìrìn ọkọ̀, ń kà; kò mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹsẹ̀. Tí ọkọ̀ bá rin kìlómítà 100, nǹkan bí 96 àbọ̀ ni yóò kọ. Olówó ọkọ̀ á wo máílì, á wo epo tó tán, á sì gbà pé ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́ ju bó ṣe rí lọ. Ó di ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, wọ́n fọ nọ́súlù, owó ń lọ, ẹsẹ̀ tó fa wàhálà ṣì wà níbẹ̀ tó ń dán.

Àwọn kan máa ń jiyàn pé ẹsẹ̀ tó ga kì í yí púpọ̀, nítorí náà epo yóò dínkù. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ tí ọ̀nà bá dán, tí eré kò sì yí padà. Ṣùgbọ́n títì Ìkàtẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ fún ni lánfààní yẹn. Ẹsẹ̀ tó ga ju ti ilé iṣẹ́ lọ ń jẹ́ kó ṣòro fún ẹ́ńjìnnì láti gbéra, bí ìgbà tí awakọ̀ bá fi jíà kejì ṣí ọkọ̀ tó dúró. Ìwúwo rímù ńlá tún wà níbẹ̀. Kílò kan tó wà lójú táyà níbi tó ti ń kan ilẹ̀ ń da ẹ́ńjìnnì láàmú tó kílò méjì nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra, nítorí pé ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ sún un síwájú, kó sì tún yí i.

Ní ọdún 2010, ìwé ìròyìn Car and Driver ní Amẹ́ríkà dán ọ̀rọ̀ rímù ńlá yìí wò lára Volkswagen Golf kan ṣoṣo, láti orí rímù íǹṣì 15 dé 19. Pẹ̀lú íǹṣì 15, líta kan gbé e rin kìlómítà 9.9. Nígbà tó dé íǹṣì 19, kìlómítà 9 péré ni. Ìyẹn ni pé ìrìn tó ń gba líta 40 yóò gba 44, ìyàtọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,000 náírà ní iye owó epo ọdún 2024. Ọkọ̀ tí kò tilẹ̀ mọ bẹntiróòlù kò bọ́ níbẹ̀: nínú àkọsílẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà, Tesla Model S Plaid ọdún 2021 ń rin máìlì 396 lórí rímù íǹṣì 19 kí iná rẹ̀ tó tán; lórí íǹṣì 21, ó wálẹ̀ sí 348.

Kì í ṣe iye íǹṣì nìkan ló ń jẹ epo o. Rímù ńlá sábà máa ń bá táyà fífẹ̀ rìn, táyà fífẹ̀ a sì máa gba atẹ́gùn sáyà bí ọkọ̀ ṣe ń sáré. Rọ́bà rẹ̀ ń tẹ̀, ó ń nà, agbára epo sì ń di ooru lásán.

Nígbà òjò ní Ìkàtẹ́, tí omi bá ti bo kòtò, tí ọkọ̀ sì já sí i, ẹ̀gbẹ́ táyà tó kúrú kò lè gba ìkọlù náà mọ́ra. Rímù ló ń tẹ̀. Táyà á bẹ̀rẹ̀ sí jo díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn tó sì dínkù ń fi kún epo: bí ìwọ̀n atẹ́gùn bá fi psi kan dín nínú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, epo tí ọkọ̀ ń jẹ ń fi nǹkan bí ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i.

Ẹ̀yin onímọ́tò, kí ẹ tó sanwó rímù, ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀n táyà àti iye atẹ́gùn tó tọ́ sí ọkọ̀ yín wà níbẹ̀. Ẹ kà á fún fọkanáísà yín, kí ẹ sì dúró tì í títí gẹ́ẹ̀jì yóò fi dé iye náà.