Èwo Ló Yẹ Kó Ṣáájú? Ọ̀rọ̀ Fún Ọ̀dọ́ Òkè-Onígbìn Tó Ń Kọ́ Géèmù Ṣíṣe

 

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi Unity tàbí Unreal kọ́ géèmù ṣíṣe, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ jẹ́ ká ní a fẹ́ ṣe géèmù tí ọmọdé ti ń rìn láàárín àwọn ère òkúta Esie, tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, tí wọ́n kọ́ ilé ọnà fún ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ ya àwòrán ibẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó wá fi ẹ̀ṣọ́ lé e: ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn yòò, àwọ̀, bàìbàì téèyàn máa ń rí tó bá ń sáré. Ẹ̀ṣọ́ yìí ni wọ́n ń pè ní post-processing.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan, orí ohun tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo aláàdìrẹ. Ó máa di aṣọ kó tó rì í sínú aró. Tó bá kọ́kọ́ rì í, aró á mu gbogbo aṣọ, ọnà kankan ò ní hàn. Aṣọ kan náà ni, aró kan náà ni, ètò ló yàtọ̀.

Báyìí ló yẹ kẹ́ ẹ tò ó. Oòrùn inú géèmù máa ń mọ́lẹ̀ ju ohun tí ojú fóònù lè gbé jáde lọ. Bloom ló ń mú kó tàn yòò, tone mapping ló ń fún ìmọ́lẹ̀ náà pọ̀ kó lè gba ojú fóònù. Bloom ni kó ṣáájú. Tí tone mapping bá ṣáájú, oòrùn àti ògiri funfun á fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́lẹ̀ dọ́gba, ògiri á wá máa tàn bí iná. Unreal pàápàá máa ń béèrè bóyá ẹ fẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín ṣe wà ṣáájú tone mapping tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má kàn tẹ èyí tọ́wọ́ bá bà.

Èyí tó ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ kíkọ. Ìgbẹ̀yìn pátápátá ló yẹ kó wọlé. Tí bàìbàì bá kọjá lórí rẹ̀, òyìnbó ṣì lè ka tiẹ̀. Àwa ńkọ́? Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: àmì kékeré ló yà wọ́n sọ́tọ̀, òun ni bàìbàì sì máa kọ́kọ́ jẹ. Ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi, tó ń ti inú géèmù kọ́ Yorùbá, ọkọ́ á di ọkọ mọ́ ọn lọ́wọ́! Nínú Unity, tẹ́ ẹ bá fi Canvas sí Overlay, ẹ̀ṣọ́ ò ní kan ọ̀rọ̀ yín. Tó bá jẹ́ Camera lẹ yàn, ó lè kàn án.

Ẹ má sì kó ẹ̀ṣọ́ jọ jù. Géèmù tó ń ya àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nǹkan bíi mílíìsẹ́kọ́ńdì 16 péré ló ní fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fóònù kékeré tí ọ̀pọ̀ ń lò nílé á gbóná, bátìrì á sì tán.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó fi géèmù yín sórí gúrúùpù, ẹ gbé e fún àgbàlagbà kan lórí fóònù kékeré, kó ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sókè. Tó bá ṣì í kà, ẹ padà lọ wo ètò yín.

Òkè-Onígbìn á máa gbòòrò sí i o.